Ẹ̀rọ Tó Ń Kú, Tó Ń Jí, ní Ilé Bàbá Wa

Orúkọ mi ni Àbígẹ́ẹ̀lì Àbẹ̀kẹ́ Ọláìtán. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Èmi ni àkọ́bí Joṣúà Àjàní Ọláìtán, àgbẹ̀ ọlọ́sàn àti díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Fìdítì. Sùsánà Àdùnní, ọmọ Ìlọrà, ni ó bí mi fún un. Àwọn tí ó kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n máa ń sọ pé kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ í ṣe. Mo ti sọ ọ́, n kò sì ní padà sí i mọ́. Ọdún tí ojú Ìyá Àgbà fọ́ ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́ láìkọ nípa ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ ọ́, nítorí pé ọwọ́ kan náà ni ó wà nínú méjèèjì, ọwọ́ Àlàó, àbúrò mi.

Àlàó fi ọdún méjì kéré sí mi. Ilé-iṣẹ́ ìlagi kan ní Ìbàdàn ni ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Òun ni ó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀, ariwo ayùn sì ni ó jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti í jẹ igi àjà. Nígbà tí ó fi padà sí Fìdítì lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, bí ènìyàn kò bá dojú kọ ọ́ kí ó sì la ẹnu dáadáa, ọ̀rọ̀ kì í wọlé. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, mo ti sin ọkọ, àwọn ọmọ mi sì ti bá ti wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjì tí a jọ jẹun nínú àwo kan ní kékeré tún ṣe bá ara wa lábẹ́ òrùlé kan náà, èmi ní yàrá ìyá wa, òun ní yàrá tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkẹta ilé ni Ìyá Dárà, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó kángun sí ilé wa, tí ó gba yàrá méjì lẹ́yìn ilé. Òun ni ó ń bá wa tọ́jú omi.

Ọwọ́ mi ni ó dá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kọ nípa ilé yìí, ṣùgbọ́n gègé kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ojú-ìwé tí mo bá kọ a dà bí ibi tí adìyẹ ti jẹ̀. Àlàó wò ó. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó ti mú ọ̀nà Ọ̀yọ́ pọ̀n, tí ó ń lọ jókòó ti àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí ó ń gba èyí tí wọ́n ti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ wọn: àpótí onírin kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀, bọ́ọ̀dù láti inú ọ̀kan, fáànù láti inú òmíràn. Ó kó gbogbo rẹ̀ wálé nínú àpò ìrẹsì, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìkàwé bàbá wa tí ó wà nínú yàrá mi, ó sì fi oṣù kan gbáko tò wọ́n bí ẹni ń to eegun padà sí ara ẹran. Nígbà tí ó tan án tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kà á sí iṣẹ́ ńlá. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. A kò tọ́ wa láti máa yin àbúrò ní ojú ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀. Mo lè máa kọ̀wé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ a ṣú lójijì bí àtùpà tí a fẹ́ pa, fáànù inú rẹ̀ a dákẹ́ bí ẹni gbé èémí mì. Lẹ́yìn náà ohun kan a ró tín nínú rẹ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí ẹni pé èmi àti òun kò mọ ara wa rí. Ohun tí mo bá ti kọ tí n kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Nígbà mìíràn a ṣe ọjọ́ méjì láìṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta ni láàárín oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Ìyá Dárà ní àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé àbíkú ni Bàbá kó wálé láti Ọ̀yọ́. Àlàó rí ẹ̀rín lójú wa, ó béèrè ohun tí obìnrin náà sọ. Mo tún un sọ sókè, kò rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí kò fi rẹ́rìn-ín ni pé ìrìn-àjò kan wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbíwùmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kàlàbá, ti bá a rí dókítà etí kan níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí bàbá òun wá gbàtọ́jú, kí ó sì máa gbé lọ́dọ̀ òun pátápátá. Àlàó ti gbà láti lọ, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke kan sí i. Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ohùn òkè tí àwọn tí etí wọn di fi ń sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní fi iṣẹ́ tí kò parí sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ̀rọ yìí bá ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méje láìkú, n ó di ẹrù mi." Mo ní ó dára. Ohun tí mo fi dá a lóhùn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún tí ojú Ìyá Àgbà fọ́, mo tó ẹni ọdún mẹ́wàá, Àlàó jẹ́ mẹ́jọ. Ìyá Àgbà ni ìyá tí ó bí bàbá wa. Nǹkan funfun kan ni ó kọ́kọ́ bo ẹyinjú rẹ̀, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn yóò sì fi parí, ó ti ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ sí ilé ìdáná. Kò sunkún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún lórí òun. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó òun sí ẹnu ọ̀nà àárín, níbi tí gbogbo ẹsẹ̀ inú agboolé ti ń pàdé, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń fi etí ṣọ́ ilé. Àwa ọmọdé rò pé ìsinmi ti dé, pé ẹni tí kò ríran kò lè mọ ẹni tí kò gbálẹ̀. A kò pẹ́ kí a tó gbọ́n. Ó mọ ìró ìgbálẹ̀ ẹni tí ó ń gbálẹ̀ tọkàntọkàn yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ń tan ilẹ̀ jẹ. Ó mọ odó ilé wa yàtọ̀ sí odó ilé kejì, ó sì mọ̀ bóyá iṣu inú rẹ̀ jinná tàbí ó kù díẹ̀. Ó mọ kẹ̀kẹ́ bàbá wa láti ìta gbangba, nítorí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ máa ń han lẹ́ẹ̀kan bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àsìkò ọsàn, nígbà tí a bá ń da èso inú apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbọ́ èyí tí ó ti rà nínú wọn. Ó ní ọsàn tí ó dára a máa fò díẹ̀ bí ó bá kanlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó rà a máa jókòó.

Èmi ni ó yàn láti máa jókòó ti òun bí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí mo bá ń pa ekùrọ́. Òun a di ọwọ́ mi mú lójijì, a ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí nìyẹn?" Mo ní láti sọ ohun tí ó dún, ibi tí ó ti dún, àti ẹni tí ó mú kí ó dún. Bí mo bá ní n kò mọ̀, a ní kí n máa bá ekùrọ́ mi lọ títí n ó fi mọ̀. Mo kórìíra ẹ̀kọ́ yìí nígbà náà, nítorí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ta òkòtó ní ìta. Lónìí, n kò rántí ohun púpọ̀ nínú ohun tí àwọn olùkọ́ mi fi kọ́ mi ní ọdún yẹn, yàtọ̀ sí orin díẹ̀ àti ìṣirò tí wọ́n torí rẹ̀ nà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, mo lè gbọ́ ọwọ́ ìyá mi bí ó ti ń rún èkuru sínú àwo ní òwúrọ̀ Sátidé, mo sì lè gbọ́ bàbá mi bí ó ti ń gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ara ìloro kí ó tó wọlé. Ó máa ń gbọn ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, òsì lẹ́ẹ̀kan. N kò bi í léèrè rí ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. A kì í bi bàbá wa ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún náà gan-an ni àmù Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. A ó pọn omi kún un ní ìrọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìyá mi ní ọmọ kan ni ó ń bu omi náà dànù. Wọ́n mú Àlàó, nítorí òun ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, ó sì jẹ pàṣán mẹ́rin lórí omi tí kò fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ nà án ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà gbé ohùn sókè láti orí àpótí rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ń bi ara yín pé ta ni, ta ni. Ta ni kò ní gbé yín dé ibì kankan. Ẹ béèrè pé nígbà wo." Ó ní kí àwa méjèèjì jókòó ti àmù náà ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti pọn omi kún un, kí èmi fetí sí i, kí Àlàó fọwọ́ kàn án, kí a má sì bá ara wa sọ̀rọ̀. A jókòó. Àwọn yòókù ń jẹ iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń ta sí wa nímú, Àlàó ń wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tí ebi ń pa. Mo gbọ́ ọ kí wọ́n tó pe ilé sí àdúrà alẹ́: ohun kan ń kán, ó jìnnà síra, ó sì rọ̀ bí ẹni tí ń pòṣé lábẹ́ aṣọ. Mo nawọ́ sí apá ibi tí ó ti ń dún. Àlàó fi ìka tọ ara àmù náà lọ, ó sì bá a, ìlà kan tí ó tín-ín-rín bí irun ní ìbàdí rẹ̀. Iyanrìn tí a gbé àmù lé ni ó ń mu omi náà, kò jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Bí omi bá ti sọ̀ dé ibi ìlà náà, jíjò a dáwọ́ dúró. Ìyá Àgbà fi ìda oyin dí i. Kò sí ẹni tí ó bẹ Àlàó nítorí pàṣán mẹ́rin. A kì í bẹ ọmọdé ní ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè wá pọ̀. Bí nǹkan kan bá ń ṣe bí kò ti yẹ kí ó ṣe nínú ilé, etí tèmi, ọwọ́ tirẹ̀.

Pẹ̀lú sùúrù kan náà ni Àlàó fi dojú kọ kọ̀ǹpútà náà. Kì í yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá yí ọ̀kan, a dúró ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ fura sí ooru, ó ní bí inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá gbóná jù, ó máa ń pa ara rẹ̀ kí ó má baà jó. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sílẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá eruku inú rẹ̀, ó sì fi fáànù kejì sí i. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀rọ náà kú. Ó yọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní ráàmù, èyí tí ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Ó fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì dá a padà. Ẹ̀rọ náà tún kú. Ó wá fura sí bọ́tìnì tí a fi ń jí i, pé bóyá ó ń há tí ó sì ń tẹ ara rẹ̀. Ó yọ wáyà bọ́tìnì náà kúrò, ó sì jẹ́ pé ẹnu ìtú-nọ́ọ̀tì ni ó fi ń kan irin kéékèèké méjì nínú rẹ̀ pọ̀ kí ó tó tàn. Fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, bí mo bá fẹ́ kọ̀wé, n ó kọ́kọ́ lọ gbọn aṣọ níwájú Àlàó kí ó lè mọ̀ pé mo ń pe òun. Ẹ̀rọ náà kú síbẹ̀.

Ó wá fún mi ní ìwé kan tí ó ti fi rúlà fa ìlà mẹ́rin sí: ọjọ́, aago, ohun tí mo ń ṣe, ohun tí mo gbọ́. Ó ní, "Ó ku ìbéèrè Ìyá Àgbà: nígbà wo? Etí tèmi kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó gbọ́ ọ fún mi."

Kò gbà mí ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Omi ni. Kànga wa wà lẹ́yìn yàrá mi. Àlàó fúnra rẹ̀ ni ó gbé pọ́ǹpù sínú rẹ̀ ní ọdún tí ó padà dé, ó ní ìyá wa ti fi orí ru omi tó fún gbogbo ìran wa, àwọn ará àdúgbò sì ń wá pọn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbàkígbà tí táǹkì bá gbẹ tí iná ìjọba sì wà, Ìyá Dárà a tẹ súìṣì. Pọ́ǹpù náà a kọ́kọ́ kérora, ìró kan tí ó wúwo láti inú ilẹ̀, bí akọ màlúù tí ó fẹ́ dìde. Láàárín ìkérora yẹn àti ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí sáré nínú páìpù ni ojú kọ̀ǹpútà mi máa ń ṣú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bí iná bá lágbára ní ọjọ́ náà, ẹ̀rọ a yè é; bí iná bá ti rẹ̀, pọ́ǹpù a fa ìwọ̀nba tí ó wà, èyí tí ó kù kò sì ní tó ẹ̀rọ tèmi. Ọ̀sán ni gbogbo rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kò sí gílóòbù tí ó tàn tí ìbá ṣẹ́jú kí Àlàó rí i. Etí nìkan ni ó lè mú un.

Mo mú gègé. Mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo kọ pé orí ọ̀rọ̀ bàbá wa ni mo wà. Nígbà tí mo dé ìlà kẹrin, mo kọ ọ́ pé ewúrẹ́ ké ní ẹ̀yìnkùlé. Ewúrẹ́ kan ti ké lóòótọ́. Mo fi gègé sílẹ̀.

N kò ní díbọ́n pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Bí mo bá kọ pọ́ǹpù síbẹ̀, yóò tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀; lẹ́yìn ọjọ́ méje, èmi nìkan ni yóò kù ní ilé bàbá wa. Ohun tí ó yẹ kí n sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: Àlàó, má lọ. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn ní gbólóhùn tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ilé tí a ti tọ́ mi, ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò. Ó ń pàṣẹ, tàbí kí ó dákẹ́. N kò sì lè pàṣẹ fún ẹni tí etí rẹ̀ ti di pé kí ó má lọ gba ìtọ́jú, nítorí náà mo dákẹ́. Mo fara mọ́ àwọn ojú-ìwé tí ó ń sọnù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ìtàn àmù Ìyá Àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó lọ, n kò ráhùn rí, ìyẹn nìkan ti yẹ kí ó fu Àlàó lára. Ìwé náà ń kún. Agogo ìjọ dún. Ọlọ́kadà fun fèrè. Oníbúrẹ́dì ń kiri. Gbogbo rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀, n kò kọ irọ́ kan síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Àlàó ní ó ku ohun kan, àpótí kékeré inú ẹ̀rọ tí ń pín iná fún gbogbo ara rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní páwà. Kò fẹ́ àlòkù mọ́. Ó gun ọ̀kadà dé ojú títì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn, òun tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, òjò sì pa á bọ̀. Nígbà tí ó wọlé, omi ń kán lára fìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n páwà náà gbẹ, abẹ́ agbádá ni ó gbé e sí ní àyà. Ó dè é sínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ kejì, ó sì jókòó tì mí kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Mo gbọ́ tí Ìyá Dárà tẹ súìṣì. Mo gbọ́ ìkérora náà. Ojú ẹ̀rọ ṣú níwájú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ní ojú àti ní ẹ̀yìn, bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ní bóyá àwọn ọwọ́ wọ̀nyí ti darúgbó, pé òun yóò sọ fún àwọn ará Ọ̀yọ́ kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Mo ní kí ó wá jẹun. Ohun tí n kò fẹ́ràn láti kọ nìyẹn, mo sì ti kọ ọ́.

Kò ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ kà á. Ọjọ́rú ni. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a ń jẹ ẹ̀kọ àti èkuru ní pálọ̀, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì béèrè bí ẹni pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ń pọnmi fún wa nínú ilé yìí?"

Mo bi í pé ṣé kò mọ Ìyá Dárà mọ́ ni.

"Mo mọ̀ ọ́n. Odò wo ni ó ti ń pọn ọ́n?"

Ó ṣí ìwé náà, ó yí i sí apá ọ̀dọ̀ mi. "Ewúrẹ́ ké. Agogo dún. Ọmọ Ìyá Dárà ń sunkún. Ẹyẹ, ẹ tilẹ̀ kọ ẹyẹ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹ gbọ́ ẹyẹ, ẹ kò gbọ́ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mo dití gan-an, mò ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ bí mo bá dúró lórí símẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé."

Mo ní bóyá n kò fiyè sí i.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti ń kú. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí Ìyá Àgbà fi ekùrọ́ kọ́?" Ó wá sọ fún mi pé láti Ọjọ́rú ni òun ti mọ̀. Ó ti lọ wo wáyà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fa iná pọ́ǹpù láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá mi tí ẹ̀rọ náà ń lò, ní ọdún tí ó padà dé, nítorí pé yàrá mi ni ó súnmọ́ kànga jù, ó sì gbàgbé pátápátá. "Èmi ni mo so ó, èmi ni mo gbàgbé. Ẹ̀yin gbọ́ ọ, ẹ dákẹ́. Nínú àwa méjèèjì, ta ni kí n bínú sí?"

Mo béèrè ìdí tí kò fi tún un ṣe láti Ọjọ́rú.

"Mò ń dúró kí ẹ sọ ọ́." Ó ti ẹ̀kọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbé ojú lé ẹnu mi bí ó ti máa ń ṣe bí kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. "Bí ẹ bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ. Ìbíwùmí yóò bínú, inú rẹ̀ yóò sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, kí n rí i."

Mo ro ti etí rẹ̀. Mo ro ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì gbọ́ ohùn wọn rí. Kí n má purọ́, mo ro ti ipò mi náà, pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, pé n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi pàápàá nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Títí di òní n kò mọ èwo nínú wọn ni ó dí mi lẹ́nu. Mo ní, "Jẹun tán, kí o lọ tún wáyà rẹ so."

Ó ṣì ń wo ẹnu mi fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti pa á dé, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́, ó sì lọ.

Ọjọ́ méjì ni ó fi fa wáyà mìíràn láti ara mítà gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ìdí kànga, ọ̀tọ̀ ni ti pọ́ǹpù, ọ̀tọ̀ ni ti yàrá mi. Ìyá Dárà tẹ súìṣì, pọ́ǹpù kérora, ẹ̀rọ mi kò mira. Ó sọ fún obìnrin náà kí ó máa tẹ̀ ẹ́ léraléra ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, títí omi fi kún táǹkì tí ó ń ṣàn sí ojú àgbàlá, ẹ̀rọ náà dúró. Mo lo ọjọ́ méje yẹn láti kọ ìtàn àmù náà lẹ́ẹ̀karùn-ún, òun ni ẹ ti kà lókè. Àlàó kò ka ọjọ́ sí mi létí. Ó kàn ń di ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo sì lọ aṣọ rẹ̀. Ó kọ bí n ó ti máa gbá eruku inú ẹ̀rọ sínú pépà kan pẹ̀lú lẹ́tà gàgàrà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ní ọjọ́ tí ọjọ́ méje pé, ó bá mi jókòó níwájú ẹ̀rọ náà fún ìgbà pípẹ́.

Èmi àti Ìyá Dárà ni a sìn ín dé ojú títì ní òwúrọ̀ tí ó lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú eruku níwájú àwọn ọlọ́kadà, mo sì fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo súre fún un bí ó ti yẹ. Ọkọ̀ Ìbàdàn dúró. Ó yí ẹ̀yìn sí wa láti gbé àpò rẹ̀ sínú búùtù ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà náà ni mo sọ ọ́. Mo ní, "Àlàó, má lọ." Mo sọ ọ́ ketekete, kì í ṣe ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá Dárà gbọ́ ọ, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀. Àlàó ti ìlẹ̀kùn búùtù pa, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì juwọ́ sí wa. Aago méje òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ọ̀wàrà ọdún tó kọjá.